Bí Owó Fellowship Ṣe Lè Bá Ìgbàwọlé PhD Yín Wá ní Amẹ́ríkà

Ibi tí owó PhD Amẹ́ríkà kò sí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá a. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ìgbàwọlé, wọ́n á wá máa wá scholarship kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn tó ni owó ti pín in tán. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ PhD wọlé náà ló sábà máa ń fún un lówó, ìjókòó kan náà ni wọ́n sì fi ń pinnu méjèèjì. Nítorí náà, mi ò ní to orúkọ ọgbọ̀n scholarship sílẹ̀ níbí. Bí ẹ ṣe máa forúkọ sílẹ̀ tí owó á fi bá lẹ́tà ìgbàwọlé wá ni a fẹ́ tẹ̀ lé, títí di ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ máa wọ báǹkì.

Ohun tí ẹ máa nílò

Gbèdéke ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń bọ́ sáàárín 1 oṣù kejìlá àti 15 oṣù kìíní, fún ẹni tó fẹ́ wọlé ní oṣù kẹjọ tó ń bọ̀. Láti oṣù kẹfà tàbí ìkeje ni kí ẹ ti máa kó nǹkan wọ̀nyí jọ:

- Ẹ̀dà transcript, ìwé tó ní gbogbo máàkì yín. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gba èyí tí ẹ fúnra yín yà sínú fáìlì nígbà ìforúkọsílẹ̀. Èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ yín máa fi ránṣẹ́ tààrà di ẹ̀yìn ìgbàwọlé. Síbẹ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èyí náà. Ẹni tó bá ti dé ọ́fíìsì transcript rí mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.
- Olùkọ́ mẹ́ta tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí nípa yín, tó mọ iṣẹ́ yín dunjú, tó sì máa ń ka ímeèlì.
- CV àti statement of purpose, ìyẹn àròkọ lórí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ìwádìí lé àti ìdí rẹ̀. Àpẹẹrẹ iṣẹ́ kíkọ fún ẹni tó ń lọ sí ẹ̀ka ìtàn, lítíréṣọ̀ tàbí ìmọ̀ ẹ̀dá èdè.
- Èsì ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì: TOEFL, IELTS tàbí Duolingo. Àwọn yunifásítì kan máa ń yọ ọmọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀, àwọn míràn kì í yọ wọ́n, nítorí náà ẹ ka ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.
- Owó fọ́ọ̀mù, tó sábà máa ń wà láàárín dọ́là 75 sí 125 ní yunifásítì kan.
- Tábìlì kan nínú Excel tàbí ìwé àjákọ: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, gbèdéke méjèèjì (mo máa ṣàlàyé méjèèjì), orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n, iye fọ́ọ̀mù.

Kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù kankan, ẹ lọ ka ohun tí ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà kọ nípa físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ dí físà yìí fún àwọn ará Tógò. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ni wọ́n fi Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ kún un. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ máa ń yí padà, ó sì ní àwọn tí kò kàn, bíi ẹni tí físà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí ẹni tó ti wà ní Amẹ́ríkà tó ń parí másítà rẹ̀. Tó bá kàn yín, ẹ má pa ìwé yín tì. Ẹ fi Kánádà, Jámánì tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún tábìlì náà, kí ẹ sì ka ohun tí mo sọ nípa ìsúnsíwájú ní Ìgbésẹ̀ 6.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú owó tó wà

Lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, ẹni tó ní "funding" ni ẹni tí wọ́n san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fún ní owó jíjẹ mímu tí wọ́n ń pè ní stipend, tí wọ́n sì san owó adójútòfò ìlera fún, gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó máa ń gbà wá. Fellowship kò ní iṣẹ́ nídìí: ẹ̀kọ́ yín nìkan ni ẹ máa gbájú mọ́. Teaching assistantship ní kí ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ bachelor tàbí kí ẹ máa máàkì. Research assistantship ní kí ẹ ṣiṣẹ́ nínú ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n kan, owó ìwádìí rẹ̀ ló sì ń sanwó yín. Ètò tó wọ́pọ̀ ni pé ọdún kìíní á jẹ́ fellowship, àwọn ọdún tó kù á jẹ́ assistantship. Nítorí náà, ẹ má fojú kéré lẹ́tà tí kò ní ọ̀rọ̀ fellowship nínú rárá. Owó ni owó.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni àwọn fellowship tí kò kàn wọ́n. NSF Graduate Research Fellowship, ti àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fowó ti ìwádìí sáyẹ́ǹsì, lókìkí gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card nìkan ni wọ́n ń fún. Ìlà tó ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó ka iye owó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì yín, ṣé ẹ lè sọ irú owó tí wọ́n ń fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún kìíní? Èyí tí ẹ kò bá lè sọ, Ìgbésẹ̀ 2 ló máa dá a lóhùn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ibi tí owó wà ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí

Ẹ lọ sí ojú ìwé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti yunifásítì lápapọ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Funding" sí. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ gbangba pé gbogbo ẹni tí àwọn bá gbà sí PhD ni àwọn ń fún lówó fún ọdún márùn-ún, ẹ fi àmì sí i. Níbi tí wọ́n bá ti kọ pé owó kò pọ̀, tàbí pé díẹ̀ nínú akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rí i, ẹ kọ̀wé sí graduate coordinator, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ PhD ní ẹ̀ka náà, kí ẹ bi í pé nínú àwọn tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá, mélòó ló wọlé láìní owó. Ìbéèrè tó tọ́ ni, wọ́n sì máa ń dáhùn.

Nísinsìnyí, gbèdéke méjèèjì: ti fellowship àti ti ìgbàwọlé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ ara rẹ̀ béèrè fún fellowship àwọn tuntun. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń fa orúkọ kalẹ̀ fún graduate school, ọ́fíìsì tó ń bójú tó másítà àti PhD ní gbogbo yunifásítì náà, bí wọ́n ti ń ṣe ní Yunifásítì Ohio State. Kí wọ́n tó lè fa orúkọ yín kalẹ̀, ìwé yín gbọ́dọ̀ ti pé pérépéré ṣáájú gbèdéke ìgbàwọlé. Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn lè rí ìgbàwọlé o, ṣùgbọ́n ìpàdé tí wọ́n ti pín fellowship ti kọjá lórí rẹ̀. Gbèdéke fellowship yẹn ni kí ẹ kọ sínú tábìlì ní bírò pupa.

Fún ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì àti ìṣègùn, ohun kan wà tí àwọn ọmọ wa kì í lò tó. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣí àkọsílẹ̀ owó ìwádìí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lórí ìkànnì NIH RePORTER (fún ìwádìí ìṣègùn) àti NSF Award Search. Ẹ tẹ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà síbẹ̀, ẹ máa rí iye tí wọ́n fún un, ohun tó fẹ́ fi ṣe, àti ọjọ́ tí owó náà máa parí. Tó bá jẹ́ pé ọdún tí ẹ fẹ́ wọlé ni gbogbo rẹ̀ ń parí, ó lè má ní owó tó máa fi gba akẹ́kọ̀ọ́, bó ti wù kó fẹ́ràn ìwé yín tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá ló ṣẹ́ kù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ mú nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n

Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló dára jù. Ìpínrọ̀ mẹ́ta tó: ẹni tí ẹ jẹ́ àti iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ ti ṣe; ohun kan pàtó nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó kan ohun tí ẹ fẹ́ ṣe; ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé ó máa gba akẹ́kọ̀ọ́ PhD tuntun lọ́dún yẹn. Ẹ so CV mọ́ ọn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fèsì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

"Dear Sir/Ma" kò dùn létí wọn. "Dear Professor" pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀ ni. Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà dára, ṣùgbọ́n ìkíni gígùn, àdúrà àti ìtàn ìyà tí ẹ ti jẹ kò sí ní ìpínrọ̀ kìíní ímeèlì yìí. Ẹ má sì béèrè owó nínú rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun ń gba akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó ti wà nínú ìdáhùn yẹn.

Àwọn ibì kan wà tí ìgbésẹ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ní ọ̀pọ̀ ètò PhD ìmọ̀ ìṣègùn, ìgbìmọ̀ ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà á wá máa yí láti yàrá ìwádìí kan sí òmíràn ní ọdún kìíní kó tó yan ọ̀gá. Níbẹ̀, ẹ kàn lè kọ orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wù yín sínú statement of purpose.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí ẹ bá yọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà kúrò tí ímeèlì náà ṣì bá ẹlòmíràn mu, ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Fọ́ọ̀mù

Àpótí kékeré kan wà nínú fọ́ọ̀mù tó ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n ro yín mọ́ owó. Ẹ fi àmì sí i. Mo mọ̀ pé ó dà bí ohun tí kò yẹ kí a máa sọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fò ó kò kéré, nítorí wọ́n rò pé bíbéèrè owó á dí ìgbàwọlé lọ́nà. Fún PhD, ẹni tí kò béèrè owó gan-an ló ń mú wọn ṣiyèméjì.

Ẹ rí i pé PhD ni ẹ yàn. Ọ̀pọ̀ máa ń yan másítà nítorí pé bachelor nìkan ni wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ àìlóǹkà ètò PhD Amẹ́ríkà ń gba ẹni tó ní bachelor tààrà. Másítà sábà máa ń jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó fún.

Máàkì: ẹ kọ CGPA yín bó ṣe wà lórí òṣùwọ̀n 5.0, àyàfi tí fọ́ọ̀mù bá ní kí ẹ yí i padà. Ẹni tó fúnra rẹ̀ sọ 4.2 nínú 5 di iye míràn nínú 4 lè kọ ohun tí kò bá transcript mu.

Owó fọ́ọ̀mù: tí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ kọ̀wé béèrè ìdáríjì owó náà lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tàbí graduate school ṣáájú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́. Ẹni tó bá ti san, wọn kì í dá a padà fún un.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí àwọn olùkọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ lára. Ìlujá (link) tí yunifásítì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ lè bọ́ sínú spam, ẹ̀yin ò sì ní mọ̀. Ẹ pe Prof lórí fóònù, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá yín wo spam. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú gbèdéke fellowship ni kí ẹ fún wọn ní ọjọ́, kí ẹ sì fi ìpínrọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí wọn nípa iṣẹ́ tí ẹ ṣe lábẹ́ wọn, kí lẹ́tà má baà jẹ́ "ọmọ dáadáa ni" lásán.

Àwọn fellowship tí ẹ lè fọwọ́ ara yín béèrè kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Knight-Hennessy ní Yunifásítì Stanford ń gba ọmọ orílẹ̀-èdè gbogbo, ó ń sanwó fún ọdún mẹ́ta ó pọ̀ jù, oṣù kẹwàá sì ni gbèdéke rẹ̀. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín níbẹ̀. Faculty for the Future ti Schlumberger Foundation wà fún obìnrin láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Clarendon ti Oxford kò ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ rárá: ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú gbèdéke oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní ti wà nínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san "processing fee" kí ẹ tó gba fellowship, olè ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ padà wọ ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín. Lẹ́tà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pé wọ́n ti dé, kò sì gbọdọ̀ sí ohun kankan tí wọ́n kọ "incomplete" sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka lẹ́tà owó dé ìsàlẹ̀

Láti ìparí oṣù kìíní títí wọ oṣù kẹta ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà máa ń dé. Ìdùnnú kì í jẹ́ kí ènìyàn ka ojú ìwé kejì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ẹ mú bírò.

Ọdún mélòó? "Five years" àti "up to five years" kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkejì kò ṣèlérí kọjá ọdún tí wọ́n dárúkọ owó rẹ̀. "Subject to availability of funds" wọ́pọ̀, kò sì fi hàn pé irọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹni tó ń ṣe dáadáa kò rí owó gbà ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹ bi coordinator, kí ẹ sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀. Ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi máa ń gbà gbọ́ jù.

Oṣù mélòó? Stipend oṣù mẹ́sàn-án yàtọ̀ sí ti oṣù méjìlá. Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kí ni ẹ máa jẹ láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ? F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, kò gbà yín láyè láti lọ wá iṣẹ́ níta kámpọ́ọ̀sì bó ṣe wù yín.

Kí ni wọ́n san? Owó ilé-ẹ̀kọ́ (tuition) ọ̀tọ̀, "fees", àwọn owó kéékèèké míràn tí yunifásítì ń gbà, ọ̀tọ̀. Lẹ́tà lè san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là owó ilé-ẹ̀kọ́, kó sì fi fees sí yín lọ́rùn ní sáà kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí ó wà fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Ẹ béèrè iye rẹ̀ gan-an.

Adójútòfò ìlera: gbogbo rẹ̀ ni àbí ìdá kan? Oṣù ìgbà ooru ńkọ́?

Iṣẹ́: lẹ́yìn ọdún fellowship, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Òfin F-1 kò gbà ju 20 lọ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì sì máa ń ṣe ìdánwò ẹnu fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó jẹ́ kó kọ́ni. Tí ẹ kò bá yege, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó yẹn?

Owó míràn: tí ẹ bá rí fellowship láti ìta, ṣé wọ́n máa dín tiwọn kù ni àbí ẹ máa ní méjèèjì?

Fún ẹni tó níyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ, ẹ dúró díẹ̀ síbí. Ènìyàn kan ni lẹ́tà yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ orúkọ ìdílé yín sínú I-20, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fún yín láti fi wá físà, wọ́n máa ní kí ẹ fi owó kún un fún orí kọ̀ọ̀kan, nínú àpò yín. Adójútòfò wọn sábà máa ń jẹ́ tiyín láti san, ẹni tó bá sì wọlé pẹ̀lú F-2, físà ìdílé akẹ́kọ̀ọ́, kò lè ṣiṣẹ́ gbowó. Ẹ jọ jókòó ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn lẹ́tà.

Ìṣirò náà rèé, pẹ̀lú iye tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní stipend jẹ́ 30,000 dọ́là lọ́dún. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà wọ́n máa yọ ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lára fellowship tí kò ní iṣẹ́ nídìí: 4,200. Ká ní fees jẹ́ 1,800. Ó ku 24,000, ìyẹn 2,000 dọ́là lóṣù fún oṣù méjìlá. Ẹ wá lọ wo iye tí yàrá kan jẹ́ nílùú náà. MIT Living Wage Calculator máa fi iye tí ẹni kan nílò ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́. 2,000 yẹn á mú yín jẹun kánú ní ìlú kékeré kan ní Midwest, agbègbè àárín Amẹ́ríkà. Ní Boston, ilé nìkan ló máa gbé e lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi àwọn lẹ́tà tí ẹ gbà síra wọn lórí iye tó ṣẹ́ kù lóṣù, kì í ṣe lórí iye tó wà lójú lẹ́tà. Ó lè yà yín lẹ́nu èyí tó máa wà lókè.

Ìgbésẹ̀ 6: Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni 15 oṣù kẹrin. Àdéhùn kan wà tí Council of Graduate Schools ń bójú tó, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ti fọwọ́ sí, pé wọn kò ní fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn lórí owó ṣáájú ọjọ́ náà. Tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní kí ẹ dáhùn láàárín ọjọ́ márùn-ún ní oṣù kejì, ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn wà nínú àdéhùn náà, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́tù rán wọn létí.

Ẹ lè béèrè àlékún. Ẹ má ṣe é bí ẹni tó ń nájà ní Bódìjà: ẹ sọ pé àwọn ló wù yín jù, pé ẹlòmíràn fún yín ní iye báyìí, ẹ so lẹ́tà náà mọ́ ọn, kí ẹ béèrè bóyá ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe. Stipend lè má yí, ṣùgbọ́n owó ìrìnàjò, owó ìgbà ooru tàbí ọdún fellowship kan sí i lè jáde. Tí wọ́n bá sọ pé kò sí, ẹ dúpẹ́, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Fún ẹni tí físà lè dá dúró, ìbéèrè méjì ni, ní kíkọ: ṣé wọ́n lè sún ìgbàwọlé yín sí ọdún tó ń bọ̀? Ṣé owó náà á bá a lọ? Ọ̀pọ̀ ń béèrè èkíní, wọ́n á gbàgbé èkejì. Owó ọdún yìí lè jẹ́ ti ọdún yìí nìkan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: gbogbo ìlérí tí wọ́n ṣe lórí Zoom ti wà nínú ímeèlì.

Ìgbésẹ̀ 7: Láti I-20 sí owó àkọ́kọ́

Tí I-20 bá dé, ẹ wo apá owó rẹ̀: iye tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá lẹ́tà yín mu, nítorí ìwé méjèèjì ni òṣìṣẹ́ físà máa fi wéra. Owó SEVIS, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà láti fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè sílẹ̀, jẹ́ 350 dọ́là, ti fọ́ọ̀mù físà jẹ́ 185. Ẹ̀yin lẹ máa san méjèèjì.

Ẹni tó bá gúnlẹ̀ ní àárín oṣù kẹjọ lè má rí stipend títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, onílé sì máa fẹ́ owó oṣù kìíní àti owó ìdógò lọ́jọ́ tó bá fún un ní kọ́kọ́rọ́. Láti oṣù karùn-ún ni kí ẹ ti bi coordinator pé ọjọ́ wo gan-an ni owó àkọ́kọ́ máa wọlé, àti bóyá wọ́n ní owó tí wọ́n lè kọ́kọ́ yá yín. Ẹni tó ní fellowship nìkan láìní iṣẹ́ kò ní lè gba nọ́ńbà Social Security, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń san owó orí. ITIN, nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí kò lè gba ìyẹn, ni tirẹ̀, ọ́fíìsì ọmọ ilẹ̀ òkèèrè á sì ràn án lọ́wọ́ lórí rẹ̀.

Owó orí kò parí síbi ìdá 14 yẹn. Ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, yunifásítì máa fún yín ní ìwé 1042-S tó ń fi iye fellowship àti iye tí wọ́n yọ hàn. Ẹ fi kọ fọ́ọ̀mù 1040-NR àti 8843, àwọn fọ́ọ̀mù owó orí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ṣáájú 15 oṣù kẹrin. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n yọ lè padà sọ́wọ́ yín. TurboTax, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fi ń ṣe owó orí, kì í bá ènìyàn ṣe 1040-NR. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Sprintax, èyí tó ń ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn ní láti béèrè kóòdù rẹ̀.